Wakana Lọ Tọrọ Ọkọ

Ọmọbìnrin mìíràn ni Kiyoharu bá wá sí Okunagi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan Wakana. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oníṣekúṣe ni ọmọ náà. Alárenà ló ṣètò rẹ̀. Ó ní kí Kiyoharu, ọmọ oníyọ́rin kan ní ìlú Morioka, àti ọmọbìnrin ọ̀gá báǹkì kan jọ lọ wo àfonífojì Okunagi, níbi tí odò ti la òkè sí méjì, kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀, kí wọ́n sì wo ara wọn dáadáa. Oṣù kejì ọdún ni. Yìnyín bo orí àpáta lọ́tùn-ún lósì, odò sì dúdú bí aró láàárín wọn.

Wakana ló ń tukọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dúró ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, ó ń ti ọkọ̀ lọ sókè odò bíi pé kò lo agbára kankan. Àwọn méjèèjì jókòó nídìí tábìlì kúkúrú tí wọ́n fi kúbùsù bò, èédú ń jó lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ. Ọmọ ọ̀gá báǹkì ti sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé òtútù ń mú òun, ọkùnrin náà sì ti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn mọ.

Àánú wọn ṣe Wakana. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àgé irin kúrò lórí iná, ó fẹ́ bu tíì fún wọn bóyá ẹnu wọn á là. Ni ọkùnrin yìí bá nawọ́ gba àgé, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì yọjú wo inú rẹ̀.

"Ta ló ń fọ inú àgé yìí?" ó béèrè.

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ àti kànìnkànìn. Nǹkan funfun kan ló lẹ̀ mọ́ ọn nínú, ó dọ̀tí."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí. Nǹkan funfun yẹn laṣọ rẹ̀. Ẹ ti bọ́ ọ láṣọ, ìpẹtà wá ń jẹ ẹ́. Ṣé ẹ mọ iye oṣù tí èèyàn fi ń ṣe ẹyọ kan ṣoṣo irú èyí?"

Wakana gbé ọ̀pá sọ́wọ́ kejì, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àgé lẹ wá wò ni, àbí ìyàwó?"

Ọmọ ọ̀gá báǹkì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀ nìyẹn. Etí ọkùnrin náà pọ́n, ó sì dá àgé padà.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Wakana kọrin, nítorí gbogbo atukọ̀ Okunagi ló máa ń kọrin lójú ọ̀nà àbọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ bá àpáta, àpáta dá a padà, orin kan wá di méjì. Kiyoharu gbójú sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ọmọ ọ̀gá báǹkì rí gbogbo rẹ̀. Ọmọlúàbí ni. Bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà wọn, ó sọ fún un pé, "Màá ní èmi ni mi ò fẹ́ ẹ. Alárenà ò ní dá ẹ lẹ́bi." Ó lọ wọ mọ́tò rẹ̀, a ò sì ní rí i mọ́ nínú ìtàn yìí.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Kiyoharu nìkan ló wá. Wákàtí méjì ló lò nínú rélùwéè. Ó gbé àpò kékeré kan dání, ewé tíì ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí Wakana jẹ́ kí òun se ewé náà nínú àgé títí omi rẹ̀ á fi dúdú, pé ohun tó ń dá ìpẹtà dúró nìyẹn. Wọ́n sè é lórí omi, wọ́n da omi rẹ̀ nù, wọ́n tún un sè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ lọ tó bọ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí. Èmi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí Sọ́ńdè tí kì í wá. Àwọn atukọ̀ yòókù fi Wakana ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Wakana, oníbàárà ẹ ti dé o. Ó ti mọ àpáta wa ju àwa lọ."

"Ẹ fi í sílẹ̀, jàre. Atẹ́gùn tútù ló ń wá gbà síbí."

Yìnyín yọ́, ewé tuntun yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ìgbà tó di oṣù kẹrin, Wakana ti mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í jẹ àlùbọ́sà, ó ti mọ̀ pé tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín ó kọ́kọ́ máa ń wolẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Wakana, kì í ṣe ọmọdé. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń wọ òun lára, ó sì pinnu pé òun máa sọ òótọ́ kó tó di ìyọnu.

Ìparí àfonífojì níbi tí ọkọ̀ ti ń yí padà ló ti dá a dúró. Àwọn èrò yòókù ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti rìn lọ wo àpáta ńlá.

"Kiyoharu, jókòó. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ó jókòó.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mí. Ìran mọ́kànlá ni àwa Onodera ti ń tukọ̀ lórí odò yìí, bàbá mi ò sì bí ọkùnrin. Ẹni tó bá fẹ́ mi, ilé wa ló máa wá, orúkọ wa ló máa jẹ́. O mọ̀ pé òfin ò gba orúkọ méjì fún tọkọtaya. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ju tiẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe èmi. Olùkọ́ kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, ó ní òun máa rò ó. Ọdún kẹrin rèé, ó ṣì ń rò ó. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè gbọ́ ọ, ó ní ìyá òun ò ní gbà. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ìwọ máa rin ìrìn wákàtí méjì láìmọ ibi tó máa já sí."

Kiyoharu tẹjú mọ́ omi títí ọkọ̀ fi padà dé èbúté. Bàtà òsì ló kì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó rìn díẹ̀ kó tó mọ̀. Wakana wẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ ibùdókọ̀ rélùwéè, ó ní, "Òun náà ti lọ nìyẹn." Ó dùn ún. Ó dùn ún ju ti olùkọ́ lọ, ó ju ti ọkùnrin rélùwéè lọ, ìgbà yẹn ló sì tó mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ohun tí òun ń rò.

Òjò ń rọ̀ ní Sọ́ńdè kejì. Kò sí èrò. Kiyoharu nìkan ló dúró ní èbúté, ó tutù rinrin.

"Àkọ́bí ni mí," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá mi ń yọ́ irin, bàbá tiẹ̀ náà yọ́ irin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ní èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ náà. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, Satsuki, la wà. Mo ti rò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀, Wakana. Mi ò sùn dáadáa. Mo fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ orúkọ lo máa gbà lọ́wọ́ mi, gbà á."

Ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Wakana. "Ṣé o ti sọ fún bàbá ẹ?"

"Màá sọ."

Ẹ bá mi fi "màá sọ" yẹn pamọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lè gbé odindi ọdún kan mì.

Ní oṣù kẹfà, Kiyoharu wá kí bàbá Wakana nílé. Genpachi ni orúkọ bàbá náà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ò sì gbé ọ̀pá mọ́. Kiyoharu fẹ́ mú inú àgbàlagbà yìí dùn. Ó gbé àgé irin kan wá, èyí tó fi oṣù mẹ́ta ṣe, tó ya yìnyín wóóró-wóóró sí lára. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé wọn, ó fi àmì ìdílé wọn, ìdílé Kikuchi, sábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó fi bébà funfun wé e, ó gbé e lọ sí ilé ìtajà kan, ó ní kí wọ́n bá òun fi okùn pupa àti funfun dì í kó lè dára lójú. Obìnrin ilé ìtajà béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Kiyoharu, tí inú rẹ̀ ń dùn, ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ni. Obìnrin náà wá ta á ní kókó tí kì í tú, kókó ìgbéyàwó.

Genpachi wo kókó náà. Ó wò ó pẹ́. Ó fara balẹ̀ ṣí bébà díẹ̀, ó sì rí àmì ìdílé.

"Ta ló rán ẹ wá?" ó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Ẹ̀bùn ni."

"Ilé tó bá gbé ẹrù ìdána wá ni ilé tó máa gbé ọmọ lọ. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé yín ni?"

"Bàbá, ẹ̀bùn lásán ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi—"

"Àmì ìdílé ta ló wà lára rẹ̀?"

Kiyoharu ní, "Tiwa ni, sà."

"O gbé àmì ìdílé yín wọ ilé mi, o ta á ní kókó ìgbéyàwó, o ní ẹ̀bùn lásán ni." Genpachi ò pariwo. Ó rọra ti àgé náà padà lórí ẹní títí ó fi kan orúnkún ọmọkùnrin náà. "Gbé e padà, ọmọ mi. Ọmọ mi ò kúrò lórí odò yìí."

Tamie, ìyá Wakana, fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó tún wá bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Morioka, nítorí Eizo, bàbá Kiyoharu, rí àgé náà nínú àpò.

"Ta ló kọ iṣẹ́ wa?" ni Eizo ń béèrè. "Láti ayé bàbá mi, kò sí ẹni tó dá àgé Kikuchi padà rí. Irú ilé wo nìyẹn?"

Kiyoharu sọ pé ọmọbìnrin kan ni, pé àwọn òbí rẹ̀ kọ̀. Ó dúró síbẹ̀. Apá tó ṣe pàtàkì, pé òun ló fẹ́ kúrò nílé, pé òun ló fẹ́ ju orúkọ sílẹ̀, kò sọ ọ́.

"O sọ fún un?" Wakana bi í ní Sọ́ńdè.

"Inú ń bí i lọ́wọ́lọ́wọ́. Jẹ́ kó rọlẹ̀ ná, olólùfẹ́ mi."

"Inú á máa bí i títí àwa méjèèjì á fi hu ewú."

"O ò mọ bàbá mi."

"Mo mọ ìwọ." Wakana ò gbójú kúrò lára rẹ̀. "Kiyoharu, fetí sílẹ̀. Má padà wá sórí odò yìí títí wàá fi sọ ọ́. Mi ò lé ẹ. Mo fẹ́ràn ẹ ni, mi ò sì lè máa fẹ́ràn èèyàn tó ń fara pamọ́."

Ó lọ. Sọ́ńdè kan kọjá, méjì kọjá, márùn-ún kọjá. Àwọn atukọ̀ ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló wọlé ní ìparí oṣù kẹjọ: "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yanu. Tí bàbá mi bá ti wò mí lójú, ọ̀rọ̀ á gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Má bínú." Wakana kà á, ó sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ń sá ọ̀pá sí, ó nujú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ti ọkọ̀ lòdì sí odò láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ má retí pé kó jókòó máa wo ojú òfuurufú. Ní oṣù kẹwàá, ìgbà tí ewé orí àpáta pọ́n bí ata, tí èrò pọ̀ jù lọ, ó bá ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Ìyá mi, ẹ bá mi di ẹrù ìdána."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Tamie. "Ta ló ń bọ̀ wá dána?"

"Èmi ni mò ń lọ. Bàbá ló sọ ọ́ pé ilé tó bá gbé ẹrù wá ni ilé tó máa gbé ọmọ lọ. Kiyoharu la fẹ́ gbé. Àwa ló yẹ ká lọ tọrọ rẹ̀."

Genpachi gbọ́ láti yàrá kejì. "Ẹni tó ń tọrọ ọmọ a máa ní alárenà."

"Alárenà tó mú un wá síbí, ọmọ ọ̀gá báǹkì ló mú un wá fún. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Tí wọ́n bá lé ẹ ńkọ́?"

"Màá tún lọ."

"Tí wọ́n bá tún lé ẹ?"

"Bàbá, ta ló kọ́ mi pé ọkọ̀ tí odò bá dá padà, ńṣe la tún ń tì í?"

Genpachi mu tíì rẹ̀. Ó mu ún tán. Tamie ti kó ẹja gbígbẹ àti ewé òkun sílẹ̀, ó ti gbé ìgò ọtí kan tì í. Genpachi yọjú wò ó. "Ẹ fi ìgò kan kún un," ni ó wí. "Ọ̀kan dà bíi pé a ò fẹ́ ẹ tọkàntọkàn."

Ilé ìyọ́rin àwọn Kikuchi wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà tóóró kan ní Morioka. Eizo fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga ni, èéfín ti wọ inú awọ ojú rẹ̀. Wakana tẹríba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Onodera Wakana ni mí, sà, láti Okunagi. Mo wá tọrọ ọmọ yín Kiyoharu, kó wá ṣe ọkọ nílé wa."

Eizo wo ẹrù náà, ó wo ọmọbìnrin náà. "O ti ṣìlé," ni ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kiyoharu ti lọ gbé ọjà fún oníbàárà, kò mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Wakana tún dé. Eizo ò lé e, kò sì ní kó wọlé. Wakana kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹrù síwájú rẹ̀. Satsuki gbé tíì wá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ má lọ." Lẹ́yìn wákàtí kan, ilẹ̀kùn inú ṣí. Kiyoharu jáde, kò sọ nǹkan kan, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eizo gba àárín wọn kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó gbà á padà bí ẹni tí kò rí ènìyàn. Ṣùgbọ́n Wakana rí i pé èjìká ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ti dúró ṣánṣán, inú rẹ̀ sì dùn. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké.

Ìgbà kẹta tó lọ, ọjọ́ ìdàrin ló bọ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sínú amọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà, ilẹ̀kùn sì máa ń wà ní ṣíṣí nítorí ooru. Wakana dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Àwọn amọ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ inú wọn bí àgé wà nílẹ̀ ní ìlà. Satsuki dúró nídìí iná. Eizo fi ìgbakọ irin bu irin yíyọ́, ó dúró díẹ̀, ó dà á. Ó tún bù, ó dúró, ó dà. Kiyoharu bù tirẹ̀, ó dà á kíá, Satsuki sì pa ojú dé bí ẹni tí nǹkan gún. Èyí yẹn ló là nígbà tó tutù.

Nígbà tí irin tán, Eizo nu òógùn. Ó rí Wakana. "Ìwọ tún ni."

"Èmi ni, sà. Ẹ̀ẹ̀meje lẹ da irin. Ẹ̀ẹ̀meje lẹ kọ́kọ́ wo ojú Satsuki."

Eizo yíjú sí i.

"Kí lo mọ̀ nípa irin?"

"Mi ò mọ nǹkan kan, sà. Kànìnkànìn ni mo fi ń fọ inú àgé. Àmọ́ mo mọ bí èèyàn ṣe ń wo ojú ẹni tó mọ̀nà. Nígbà tí èjìká bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ṣì ń di ọ̀pá mú lójú èrò, ṣùgbọ́n ojú mi ló máa ń wò kó tó tì í. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò sọ. Nígbà tó yá, ó gbé ọ̀pá náà lé mi lọ́wọ́, kò sì kú."

"Obìnrin kì í ni ilé ìyọ́rin."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ̀ náà."

Satsuki, tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú bàbá rẹ̀, gbórí sókè. "Òótọ́ ló sọ, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ìgbà yẹn ni Kiyoharu kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó kún fún iyanrìn, ó sì forí kanlẹ̀.

"Bàbá, mo lè gbẹ́ amọ̀, mo lè kun àgé, ṣùgbọ́n iná ò bá mi sọ̀rọ̀. Ọdún méjìlá ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Àgé tí mo gbé lọ sí Okunagi, Satsuki ló dà á. Mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ ṣe ọkọ Wakana, mo fẹ́ jẹ́ Onodera. Oṣù kẹrin ló yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ó ṣì ń bà mí báyìí, àmọ́ mo ti sọ ọ́."

Eizo wo ọmọ rẹ̀, ó wo iná. Ìgbakọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo wo ilé yìí, mo wo bàbá mi, mo sì sọ ẹ́ ní orúkọ tí mo sọ ẹ́. Tó o bá fẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀, bọ́ ọ. Àmọ́ má retí kí n wá wò ó."

Ó kọjú sí ògiri, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Satsuki jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí Wakana gbé ẹrù ìdána sí, ó gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gba ìwájú bàbá rẹ̀ kọjá, ó sì gbé e kalẹ̀ sínú yàrá àlejò níbi tí wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n bá gbà sí. Eizo rí i. Kò ní kó gbé e kúrò. Nílé yẹn, ìdáhùn tó pọ̀ ni.

Oṣù kejìlá ni Kiyoharu kó àpò méjì wá sí Okunagi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló já sódò. Genpachi, tó jókòó sí èbúté pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀pá ni kí o tì," ni ó ń kígbe, "má tẹ̀ lé e wọnú omi."

Wakana ló ń fa Kiyoharu jáde. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó sì ń ṣàwàdà: "Olówó orí mi, ẹ ṣeun."

"Ta ni olówó orí ẹ?"

"Ìwọ kọ́ lo gbé ẹja gbígbẹ àti ìgò ọtí méjì wá fẹ́ mi? O ti sanwó, o ò lè dá mi padà."

"Mi ò tíì ní in lọ́kàn," ni Wakana wí, ó sì ń fi aṣọ nu irun rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń dúró."

Ìfẹ́ wọn dùn. Ṣùgbọ́n Wakana rí i pé láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ọkùnrin náà máa ń wo ọ̀nà rélùwéè. Eizo ò pè, kò kọ lẹ́tà. Tí Satsuki bá pè, tí Kiyoharu bá béèrè bàbá, ó máa ń ní, "Ó wà ńbẹ̀." Kò sí àfikún.

Wọ́n mú ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta láti lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún ẹlẹ́rìí méjì. Genpachi ni ọ̀kan, Satsuki ni èkejì. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fi àdéhùn sí. Genpachi ti kọ tirẹ̀, ó ti tẹ òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí Satsuki. Nínú fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ta ni tọkọtaya máa jẹ́, Kiyoharu fúnra rẹ̀ ló ti fa ìlà sí tìyàwó. Aago mẹ́wàá kọjá. Ìdajì wákàtí tún kọjá. Wakana ń ronú pé tí Satsuki ò bá wá, òun máa lọ pe ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀, nítorí òun ò ní padà sílé lónìí láìṣe é.

Ilẹ̀kùn ṣí. Eizo ló wọlé.

Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, èédú wà létí ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn dìde. Eizo wo Genpachi, Genpachi wò ó. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì tẹríba fún ara wọn, wọ́n sì tẹríba pẹ́.

"Satsuki ló ní kí n wá," ni Eizo wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó ní òun ń dàrin lónìí, òun ò ráyè. Ó ti ń pàṣẹ fún mi báyìí."

"Tèmi náà ń pàṣẹ," ni Genpachi dáhùn. "Ó máa ń mọ́ èèyàn lára."

Eizo gba fọ́ọ̀mù. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìlà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró, Wakana sì di ọwọ́ Kiyoharu mú. Lẹ́yìn náà ni ó mú bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó yọ òǹtẹ̀ láti inú àpò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ.

Akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù wọlé lọ. Àwọn mẹ́rin jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, Eizo ní ìpẹ̀kun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Kiyoharu ń wo yìnyín tó ń yọ́ lójú fèrèsé.

Akọ̀wé padà dé ojú wíńdò, ó ka orúkọ jáde. "Onodera Kiyoharu."

Kò sẹ́ni tó dìde. Akọ̀wé gbójú sókè, ó tún un pè. "Ọ̀gbẹ́ni Onodera Kiyoharu."

Wakana fẹ́ fọwọ́ tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ti ṣáájú tirẹ̀. Eizo ti gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú lé ẹ̀yìn ọmọkùnrin náà, ó rọra tì í síwájú.

"Dìde, ọmọ mi," ni ó wí. "Ìwọ ni wọ́n ń pè."